Ìrù Bàálù Tí N Kò Fi Sílẹ̀

Ojo ni mí. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹnikẹ́ni má baà máa retí akọni. Ní gbogbo ọdún tí mo fi ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ oníke ní Ọ̀tà, kò sí àárọ̀ kan tí mo wọ géètì tí àyà mi kì í já. Bí mo bá dé ibi aago tí mo rí i pé káàdì mi ṣì wà níbi tí mo fi í sí lánàá, ọkàn mi á rọlẹ̀. Bí ilẹ̀ ọjọ́ kejì bá mọ́, ẹ̀rù á tún bẹ̀rẹ̀.

Kì í kúkú ṣe èmi nìkan. Ayé Sáàpù ni, ètò ọrọ̀ ajé tó mú kí owó náírà já wálẹ̀. Ìjọba ní ká fara dà á, nǹkan ń bọ̀ wá dáa. Ohun tí a fi ń ṣe ike kò wọlé láti òkè òkun mọ́ bó ṣe yẹ, ẹ̀rọ tó yẹ kó ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru wá ń sùn lọ́sàn-án gangan, gbogbo ilé iṣẹ́ láti Toll Gate títí wọ Ọ̀tà sì ń já èèyàn sílẹ̀. Àwọn tí wọ́n já sílẹ̀ náà kò gbà pé ó ti tán. Láàárọ̀, wọ́n á ṣì wọ yúnífọ́ọ̀mù wọn, wọ́n á wá dúró sí òdìkejì títì, wọ́n á máa wo géètì wa bóyá a máa pè wọ́n padà. Èmi kì í lè wojú wọn. Màá sáré wọlé bí ẹni pé ìgbẹ́ ń gbọ̀n mí.

Ọ́fíìsì máníjà wà lókè, àtẹ̀gùn irin kan ló sì gba ẹ̀yìn ilé lọ síbẹ̀. Tí wọ́n bá pe èèyàn lókè, tó bá ń sọ̀kalẹ̀, àpòòwé pupa ni yóò wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìwé ìdádúró lẹ́nu iṣẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn wẹ́dà wa gun òkè lọ́jọ́ kan tòun ti ẹ̀rín, nítorí ó rò pé wọ́n fẹ́ kó wá jó irin fèrèsé. Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó jókòó sórí àtẹ̀gùn tó gbẹ̀yìn títí wọ́n fi lu aago ìpadàlé. Méje ni àwa tí à ń tún ẹ̀rọ ṣe. A ti gbọ́ pé méjì máa lọ kí oṣù tó parí, a ò mọ ẹni tó kàn.

Ọjọ́bọ̀ kan ni ìránṣẹ́ ọ́fíìsì yọjú sí ẹnu ọ̀nà wọ́kúṣọ́ọ̀bù wa, ó ní wọ́n ń pè mí lókè. Gbogbo ọwọ́ dúró. Ẹni tó ń lo fáìlì dúró, ẹni tó ń fi lédì jó wáyà pọ̀ dúró. Mo lọ sí ìdí ẹ̀rọ omi, mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́ mi lẹ́ẹ̀mejì. Tí wọ́n bá máa lé mi, ó kéré tán kí n má fi gíríìsì kun ìwé wọn. Ìyàwó mi ń tọ́ ọmọ lọ́wọ́ nígbà yẹn nínú yàrá kan tí a gbà ní Oju Ore. Ohun tí mo ń rò bí mo ṣe ń gun àtẹ̀gùn náà ni ohun tí màá sọ fún un tí mo bá délé lọ́sàn-án.

Òyìnbó gíga kan tó tín-ín-rín ni máníjà wa, kì í pariwo. Àìpariwo yẹn gan-an ló máa ń bà mí lẹ́rù jù. Mo wo orí tábìlì rẹ̀, n kò rí àpòòwé. Bàálù ni mo rí. Bàálù kékeré, pupa òun funfun, tí mo bá na apá mi méjèèjì, díẹ̀ ló kù kí ìyẹ́ rẹ̀ gùn tó o. Ó ní òun fúnra òun lòun fi igi fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kàn án nírọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti wà nímú rẹ̀, ó ku àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ inú ikùn rẹ̀ tí yóò máa darí rẹ̀, ojú òun ò sì ríran nǹkan wẹ́wẹ́ mọ́. Ó ti ń wo bí mo ṣe ń tún àwọn súwíìṣì tíntìntín ara ẹ̀rọ ṣe. Sátidé tó tẹ̀ lé èyí tó ń bọ̀ ni ọjọ́ tí ìdílé àwọn òṣìṣẹ́ máa wá ṣeré ní pápá ẹ̀yìn ilé iṣẹ́, àwọn tó ni ilé iṣẹ́ ń bọ̀ láti òkè òkun, òun sì fẹ́ mú un fò lójú wọn. Ṣé mo lè ṣe é?

N kò rí irú rẹ̀ rí láyé mi. Kí n tó mọ̀, ẹnu mi ti sọ pé, "Yes sir."

Ó wá gbé ojú sílẹ̀ sórí ìwé rẹ̀. Ó ní òun gbọ́dọ̀ mú orúkọ méjì kúrò nínú ẹ̀ka wa kí oṣù tó parí, òun á sì fẹ́ kí àwọn tí ọwọ́ wọn dá ṣáká dúró. Ó sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ pé ó jọ pé òjò máa rọ̀. Mo gbé bàálù náà sọ̀kalẹ̀ bí ẹni gbé ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù sì bú sẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí i pé ohun tí wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ kì í ṣe àpòòwé. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo mọ̀ pé àpòòwé náà wà nínú ikùn bàálù yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń darí irú bàálù bẹ́ẹ̀, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Àpótí kékeré mẹ́ta ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju páálí ìṣáná lọ, sáfò ni wọ́n ń pè wọ́n. Sáfò kọ̀ọ̀kan ní apá ike kan lórí. Ẹni tó dúró lọ́ọ̀ọ́kán á di rìmóòtù mú, rìmóòtù náà ní ọ̀pá kúkúrú méjì, bó bá ti ọ̀pá, apá sáfò á yí. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan á so apá yẹn mọ́ ìwo ike kékeré tó wà lára ohun tó fẹ́ gbé. Sáfò kan wà fún iná ẹ́ńjìnnì. Ọ̀kan wà fún pátákó tó dúró lóòró ní ìrù, ìyẹn ló ń yà á sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀kẹta wà fún pátákó tó sùn sílẹ̀ ní ìrù, ìyẹn ló ń gbé e sókè tàbí kó gbé e wálẹ̀. Iṣẹ́ mi ni kí n so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìwé kan wà nínú páálí tí wọ́n kó àwọn sáfò náà sí, ṣùgbọ́n kì í ṣe èdè Gẹ̀ẹ́sì, èdè òyìnbó mìíràn ni. Mo gbé e lọ bá fọ́ọ̀mánù wa. Ọmọ bíbí Ọ̀tà ni bàbá yìí, mùsùlùmí tí tẹ̀súbáà kì í kúrò lápò rẹ̀, ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé iṣẹ́ náà. Bàbá ni gbogbo wa ń pè é. Ó yẹ ìwé náà wò níwá lẹ́yìn, ó ní ó jọ pé inú ń bí ẹni tó kọ ọ́. Ó wá ní ká fi sílẹ̀, ká wo àwòrán.

Bàbá ní òfin kan ní wọ́kúṣọ́ọ̀bù, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ rú u. Ẹni tó bá tún ẹ̀rọ ṣe, òun ni yóò dúró níwájú rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ tàn án. Bó bá jẹ́ ẹ̀rọ tó ń gé ike lo tún ṣe, iwájú ọ̀bẹ rẹ̀ ni wàá dúró sí. Bó bá jẹ́ kíréènì, abẹ́ ẹrù ni. Nítorí òfin yìí, kò sẹ́ni tó ń dé nọ́ọ̀tì ní ìdajì nínú ẹ̀ka wa. Èmi a máa dé tèmi, màá tún dé e, màá lọ jẹun, màá tún padà wá dé e.

Ọ̀kan nínú àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ náà ti tẹ̀, òmíràn ò tiẹ̀ sí nínú páálí. Mo lọ bá ẹnì kan tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní Ṣàngó, ó bọ́ sípóòkù méjì fún mi lára kẹ̀kẹ́ tó ti kú. Sípóòkù dára fún un ju bí mo ṣe rò lọ, torí pé ẹnu rẹ̀ ní tírẹ́ẹ̀dì, ìlà tí nọ́ọ̀tì ń yí wọ̀, tí mo lè fi mú un gùn tàbí kí n mú un kúrú bí ìbú irun. Ẹnu kejì ni mo fi púláyà ká kọ́rọ́kọ́rọ́, kó lè wọ ihò apá sáfò kó má sì já bọ́.

Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ tí àwòrán ìwé náà kọ́ mi ni pé èèyàn ò gbọdọ̀ so irin mọ́ sáfò tó ń sùn. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tan iná sí i, kó jẹ́ kí apá rẹ̀ wá dúró láàárín, kó tó wá so ó nígbà tí pátákó ìrù náà wà ní gbọọrọ. Ẹ̀kọ́ kejì, ọwọ́ mi ló kọ́ mi. Bí irin bá há níbì kan, sáfò á máa kùn bí ẹ̀fọn, á máa gbóná, bátìrì á sì tètè kú. Bó bá dẹ̀ jù, pátákó ìrù á máa mì bí ehín tó fẹ́ yọ. Mo máa ń gbé etí mi lé ikùn bàálù náà, màá ní káwọn tó kù dákẹ́ jẹ́ẹ́. Wọ́n ń pè mí ní agbẹ̀bí.

Lọ́jọ́ kẹta, mo tan gbogbo rẹ̀, mo gbé rìmóòtù kalẹ̀, n kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Sáfò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n ń gbọ̀n fúnra wọn, ìrù náà ń lọ sókè sódò, bí ẹni pé ẹnì kan tí n kò rí ló di rìmóòtù mìíràn mú. Mo ti ń rí i lọ́kàn mi bó ṣe ń já bọ́ lójú àwọn òyìnbó. Bàbá ló gbọ́ ariwo iná àwọn wẹ́dà níta, ó ní kí wọ́n dúró ná, gbígbọ̀n náà sì dúró. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í jó irin, ó tún gbọ̀n. Ó wo ikùn bàálù náà, ó rí wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ rìmóòtù, èyí tí mo ká dáadáa tí mo so bí ẹni so irun. Ó bi mí pé níbo ni mo ti rí eríà rédíò tí wọ́n ká báyẹn. Mo tú u, mo nà án dé ìrù, gbígbọ̀n náà sì rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ò tíì dẹ́kun gbígbọ̀n.

Ó wá ku ìbéèrè kan ṣoṣo. Ọ̀nà wo ni kí ọ̀pá rìmóòtù lọ kí bàálù tó lọ sókè? Ní ti bàálù fúnra rẹ̀, a mọ ìdáhùn. Bàbá ní ká gbé ìrù rẹ̀ síwájú fáànù ńlá wọ́kúṣọ́ọ̀bù, a sì rí i pé bí pátákó ìrù bá yọrí sókè, afẹ́fẹ́ á tẹ ìrù mọ́lẹ̀, imú á sì gbéra. Ohun tó kù ni bóyá ká ti ọ̀pá síwájú ni àbí ká fà á sẹ́yìn. Rìmóòtù ayé ìgbà yẹn kò ní bọ́tìnnì tó ń yí i padà. Apá sáfò ní ọ̀tún àti òsì, ibi tí èèyàn bá so irin mọ́ níbẹ̀ ló ń pinnu rẹ̀, mo sì gbọ́dọ̀ mú ọ̀kan.

Ìbéèrè tí ó yẹ kí n lọ bi máníjà ni. Ìṣẹ́jú kan ni ì bá gbà. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun àtẹ̀gùn yẹn lóṣù yẹn. Mo dé ìdí rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo sì padà. Mo rò ó pé bí mo bá lọ béèrè, yóò mọ̀ pé n kò mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sì ni wọ́n ń wá. Bàbá ni mo lọ bi. Ó nàka sí kíréènì tó wà lókè orí wa, tí gbogbo wa ti ń wà láti ọjọ́ tí a ti débẹ̀. Tí a bá ti ọ̀pá rẹ̀ síwájú, ẹrù á lọ sókè. Tí a bá fà á sẹ́yìn, á sọ̀kalẹ̀.

"Iwájú lòkè," ni Bàbá wí. "Ṣé ọ̀pá mìíràn tún wà láyé ni?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Mo so irin náà sí apá òsì, mo ti ọ̀pá síwájú, pátákó ìrù sì yọrí sókè. Bàbá náà tì í wò, ó ní ó dáa. Ní Ọjọ́rú, máníjà sọ̀kalẹ̀ wá wò ó. Ó mi ọ̀pá méjèèjì lọ mi wọ́n bọ̀, ó rí i pé gbogbo nǹkan ń yí wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ó sì mirí pé ó dáa. Kò tíì ju ìṣẹ́jú méjì lọ tí wọ́n fi wá pè é sí tẹlifóònù.

Ní Sátidé náà, oòrùn mú, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ sì ń fẹ́ wá láti ìhà ibi tí àwọn igi ńlá wà. Wọ́n pa kánópì fún àwọn òyìnbó ní ìpẹ̀kun pápá kan. Wọ́n tẹ́ ẹní fún àwọn ìyá àti àwọn ọmọ ní ìpẹ̀kun kejì, lábẹ́ ìbòòji àwọn igi náà. Ìyàwó mi wà lórí ẹní àkọ́kọ́, ó gbé ọmọ wa pọ̀n, ó tún fi aṣọ funfun tí òun fúnra rẹ̀ rán fún mi wọ̀ mí lọ́jọ́ náà. Bàálù gbọ́dọ̀ kọjú sí afẹ́fẹ́ kó tó lè gbéra. Ìyẹn ni pé ó máa kọjú sí orí ẹní yẹn. N kò ro nǹkan kan sí i. Máníjà ti ní yóò ti wà lókè dáadáa kó tó débẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kí n lóṣòó sẹ́yìn bàálù, kí n di ìrù rẹ̀ mú nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sá, kí n sì fi sílẹ̀ tí máníjà bá gbọ́wọ́ sókè. Ẹ́ńjìnnì náà dáhùn nígbà kẹrin. Ó pariwo bí ẹ̀rọ ìlọta tó ń lọ ata gbígbẹ, ó ń tu òróró lárà tí wọ́n pò mọ́ epo rẹ̀ sí mi lójú àti sára aṣọ tuntun. Máníjà dúró ní ìṣísẹ̀ díẹ̀ sí mi, àwọn òyìnbó yòókù rọ̀gbà yí i ká, ó ń ṣàlàyé fún wọn pẹ̀lú ohùn rara nítorí ariwo náà. Ó ní kí wọ́n wo òun bí òun ṣe máa fa ọ̀pá yìí sí àyà òun. Ó ní bí òun bá ti fà á, ó di òkè. Ó sì fà á láti fi hàn wọ́n.

Ìrù náà gbé ọwọ́ mi sókè.

N kò ní gbàgbé rẹ̀ láé. Afẹ́fẹ́ ẹ́ńjìnnì fẹ́ lu pátákó ìrù tó ti dojú kọlẹ̀, ó gbé ìrù sókè nínú àtẹ́lẹwọ́ mi, imú bàálù sì tẹrí ba sí koríko. Ó tún fà á lẹ́ẹ̀kejì, ìrù náà tún gbéra. Ọwọ́ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n kí orí mi tó mọ̀ ọ́n. Ọkùnrin yìí máa fa ọ̀pá sí àyà rẹ̀ kí bàálù lè lọ sókè, bàálù á sì máa wálẹ̀. Bó bá ṣe ń wálẹ̀ tó ni yóò ṣe máa fà á tó. Mo wo iwájú. Àbẹ̀bẹ̀ irin tó wà nímú bàálù ń yí tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ò fi rí i mọ́, ẹní àwọn ọmọ ló sì wà lọ́ọ̀ọ́kán rẹ̀ tààrà. Mo rí gèlè ìyàwó mi.

Máníjà gbọ́wọ́ sókè.

N kò fi sílẹ̀. Ẹ má pè é ní ìgboyà o. Mo ń ro orúkọ méjì. Mo ń rò ó pé bí mo bá sọ lójú àwọn ọ̀gá rẹ̀ pé mo so ó sódì, tèmi tán. Ọwọ́ mi kàn há ni. Ó tún gbọ́wọ́ sókè, ó tún jù ú síwájú sẹ́yìn, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ó pè mí lórúkọ. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Bí mo ṣe rí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ara mi ṣe ohun tí ara mi mọ̀ ọ́n ṣe níwájú àgbà tí mo ṣẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú koríko, mo di ìrù bàálù náà mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ẹ̀rọ ń pariwo, erùpẹ̀ ń wọ̀ mí lẹ́nu. Ẹ̀rín sọ ní gbogbo pápá. Wọ́n rò pé bàálù ni mò ń kí.

Bàbá nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti ń sáré bọ̀. Máníjà pa ẹ́ńjìnnì, gbogbo ibẹ̀ sì dákẹ́ lójijì.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ni mo wí láti ilẹ̀. "Opposite ni, sà. It is opposite."

Máníjà lọ sẹ́yìn ìrù, ó fa ọ̀pá, ó wo pátákó náà bó ṣe dojú kọlẹ̀. Ó tún fà á. Lẹ́yìn náà ni ó gbójú sókè wo iwájú, níbi tí àwọn ọmọ jókòó sí, ó sì wò wọ́n pẹ́. Gbogbo ẹ̀jẹ̀ ojú rẹ̀ ló wábi gbà. Ó wá béèrè pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́ rẹ̀ yẹn pé ta ló yẹ̀ ẹ́ wò tó ní ó dáa.

Èmi ló ni ìdáhùn yẹn. Èmi ni mo so ó, èmi ni mo dé ìdí àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mejì tí mo padà. Koríko ni mo gbájú mọ́.

"Na me, sà," ni Bàbá wí. "Na me tell am say make e do am so."

Máníjà mirí lẹ́ẹ̀kan. Ó ní ká tún un ṣe kíákíá.

Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Mo yọ irin kúrò ní apá òsì, mo so ó mọ́ apá ọ̀tún, mo tún gígùn rẹ̀ ṣe. Bàbá ló bá mi di ara bàálù mú. A tan ẹ́ńjìnnì padà, máníjà fa ọ̀pá, ìrù náà sì tẹ àtẹ́lẹwọ́ mi mọ́lẹ̀. Mo ní ó ti dáa. Bàbá ní kí n dìde, òun lòun máa di ìrù náà mú. Ó fi orí júwe iwájú fún mi.

"Ìwọ lo tún un ṣe," ó ní. "Ṣó o ti gbàgbé ibi tó o máa dúró sí ni?"

Mo rìn lọ sí ìpẹ̀kun pápá náà, mo dúró níwájú ẹní àkọ́kọ́, mo kẹ̀yìn sí ìyàwó mi, mo kọjú sí bàálù. Ìyàwó mi ń bi mí láti ẹ̀yìn pé, "Dádì, kí ló dé? Kí lẹ ń ṣe níbí?" Mo rí bàálù náà tó kúrò lọ́wọ́ Bàbá, mo rí i tó ń sáré bọ̀ lórí koríko, tó ń tóbi sí i, mo sì di ojú mi. Mo gbọ́ ọ tó kọjá lókè orí mi. Nígbà tí mo la ojú, ó ti wà lókè igi, pupa òun funfun, gbogbo àwọn ọmọ sì ti dìde dúró tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ó fò dáadáa. Èmi ò lè ròyìn rẹ̀, ilẹ̀ ni mò ń wò. Nígbà tí a délé, ìyàwó mi ní òróró yẹn kò lè kúrò lára aṣọ náà mọ́ láé, ó sì bi mí láti ìgbà wo ni mo ti di abọbàálù.

Ní ọjọ́ Ajé, ìránṣẹ́ ọ́fíìsì yọjú sí ẹnu ọ̀nà wa. Gbogbo ọwọ́ dúró. Mo dìde, mo gba ìdí ẹ̀rọ omi lọ, mo mú ọṣẹ.

"Kì í ṣe ìwọ," ó ní. "Bàbá ni."

Bàbá yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó fi sápò. A ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí irin àtẹ̀gùn, kò yára, kò sì falẹ̀. Mo mọ ohun tó yẹ kí n ṣe. Mo tẹ̀ lé e dé ìdí àtẹ̀gùn, mo gbé ẹsẹ̀ kan lé e. Ohun tí mo fẹ́ sọ lókè kò ju gbólóhùn kan lọ, pé èmi ni. Mo dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ẹsẹ̀ kan lórí irin, títí mo fi gbọ́ tí ilẹ̀kùn ṣí lókè. Ni mo bá sáré padà sídìí iṣẹ́ mi.

Ó ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò nígbà tí mo lọ dọ̀bálẹ̀ fún un. Àpòòwé náà wà lábẹ́ apá rẹ̀, kò tíì ṣí i. Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní kí n dìde, kí n má tún ba aṣọ mìíràn jẹ́.

"Èmi ni mo ní ó dáa," ó wí. "Mo ti dúró níwájú ẹ̀."

Ó kí àwọn tó kù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì jáde. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí i ní òdìkejì títì láàárín àwọn tó ń wo géètì. Ó wọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Mo sáré wọlé.

Ọdún mẹ́fà ni mo tún lò níbẹ̀. Máníjà yẹn kan bàálù méjì mìíràn, èmi ni mo so sáfò wọn. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń gbé bàálù gun àtẹ̀gùn yẹn, mo máa ń pinnu pé òní ni màá sọ fún un, pé kì í ṣe Bàbá, èmi ni, pé kó jọ̀ọ́ kó pè é padà. Màá dé òkè, màá gbé e lé orí tábìlì. Á fọwọ́ pa ìrù rẹ̀, á wò mí, á bi mí ṣé ó ti dáa. Màá ní, "Yes sir."